Òkè Tó Ń Béèrè Ọwọ́ àti Ẹsẹ̀

Ìyànà Ọ̀fà ni olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Lágelú, lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ìwó. Ilẹ̀ oko ni gbogbo agbègbè náà. Ẹ̀gẹ́, àgbàdo, kòkó àti ọ̀pẹ ni wọ́n ń gbìn ní Lálúpọn, ní Ejíòkú, ní Ọ̀fà-Ìgbò àti ní Ilé-Igbọ́n. Kò wọ́pọ̀ kí ènìyàn gbọ́ orúkọ ibẹ̀ kí ọkàn rẹ̀ lọ sí òkè. Síbẹ̀, orúkọ tí ìjọba ìbílẹ̀ náà ń jẹ́ jẹ́ orúkọ ẹni tí òkè gbà là. Lágelú ni jagunjagun tó ti Ifẹ̀ wá tẹ Ìbàdàn dó. Nígbà tí ogun fọ́ ìlú àkọ́kọ́ yẹn, òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ sá gun òkè, èso òro àti ìgbín ni wọ́n sì ń jẹ níbẹ̀ títí wọ́n fi rójú sọ̀ kalẹ̀ tún ìlú dó. Ìbàdàn kò gbàgbé oore yẹn: ọdọọdún ni wọ́n ń ṣe ọdún Òkè'Bàdàn.

Mo fi ìtàn yìí ṣíwájú nítorí pé òun ló ń darí mi nígbàkígbà tí àwọn ọ̀dọ́ bá bi mí pé òkè wo ni àwọn lè lọ gùn ní Sátidé kí àwọn sì padà sílé lálẹ́. Ọ̀pọ̀ wọn ń wá èyí tó ga jù. Èmi a ní kí wọ́n wá èyí tó ti gba ènìyàn là rí. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí ogun kò dáwọ́ dúró nílẹ̀ Yorùbá, àwọn tó ń sá gun àpáta kì í yan ọ̀nà tó rọrùn. Ibi tí ènìyàn kan ṣoṣo lè gbà lẹ́ẹ̀kan ni wọ́n ń yàn, ibi tí ọwọ́ yóò ti bá ẹsẹ̀ ṣiṣẹ́, tí omi wà lókè, tí wọ́n sì ti lè rí ọ̀tá kí ọ̀tá tó rí wọn. Ohun mẹ́rin yìí gan-an ni ẹni tó ń gun àpáta fún ìgbádùn ń wá lónìí: ọ̀nà tóóró, iṣẹ́ ọwọ́, omi, àti ibi tí ojú ti lè rí ọ̀nà jíjìn. Àwọn tí ogun ń lé ti bá wa yan ọ̀nà náà tẹ́lẹ̀.

Kí n sọ irú ìgùnkè tí mò ń wí. Kì í ṣe títẹ àtẹ̀gùn símẹ́ǹtì, kì í sì í ṣe fífi okùn rọ̀ mọ́ ògiri àpáta. Ó wà láàárín méjèèjì: ibi tí òkè ti dàgẹ̀rẹ̀ débi pé ẹsẹ̀ nìkan kò tó, tí ọwọ́ gbọ́dọ̀ wá nǹkan dì mú. Àwọn ará Bìrìtìkó ti sọ irú èyí di eré ìdárayá ńlá, wọ́n sì pín àwọn ọ̀nà rẹ̀ sí ìpele 1 títí dé ìpele 3. Ní ìpele 1, ọwọ́ kàn ń ran ẹsẹ̀ lọ́wọ́ níbì kọ̀ọ̀kan ni. Ní ìpele 3, ọ̀pọ̀ a máa mú okùn dání. Crib Goch tó wà ní Wales, bèbè àpáta tóóró tí ọ̀gbun wà lọ́tùn-ún lósì rẹ̀, ìpele 1 ni wọ́n kà á sí, bẹ́ẹ̀ ó ti gba ẹ̀mí ènìyàn. Ohun tí ìpele ń sọ ni bí ọ̀nà ṣe le fún ọwọ́ àti ẹsẹ̀ tó. Kò sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó bá já bọ́. Ẹni tó bá fẹ́ yan òkè gbọ́dọ̀ béèrè méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Láti Ìyànà Ọ̀fà, òkè tí ènìyàn lè rò kò wọ́n. Olúmọ ní Abẹ́òkúta ni ọ̀pọ̀ máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Abẹ́ àpáta yẹn ni àwọn Ẹ̀gbá sá sí nígbà tí wọ́n dé ibẹ̀ ní 1830, pàlàpálá àpáta tí wọ́n fi ṣe ilé ṣì wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ wọlé. Ó ga tó mítà 137 lókè ìtẹ́jú òkun, ó ní àtẹ̀gùn, wọ́n sì ti ṣe ẹ̀rọ tó ń gbé ènìyàn lọ sókè síbẹ̀. Ibi rere ni fún ẹni tó mú ọmọ kékeré tàbí òbí àgbà lẹ́yìn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó kù fún ọwọ́ níbẹ̀ kò pọ̀. Òkè Ìdànrè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó ni ọba gbogbo wọn lójú mi. Orí rẹ̀ ni àwọn ará Ìdànrè ń gbé títí di 1923 kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ wá sí ìsàlẹ̀, ààfin àtijọ́ ṣì wà lókè, òkè náà sì wà nínú ìwé àwọn ibi tí Nàìjíríà fi síwájú UNESCO ní 2007. Àtẹ̀gùn tó ju 600 lọ ló gbé ènìyàn dé ìlú àtijọ́. Ẹ̀yìn ìyẹn ni iṣẹ́ ọwọ́ àti ẹsẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti Ìyànà Ọ̀fà lọ sí Ìdànrè tó fẹ́ padà lọ́jọ́ kan náà, inú ọkọ̀ ni yóò ti lo ọjọ́ rẹ̀. Kó lọ sùn síbẹ̀. Bákan náà ni Òkè Ìyámọ̀pó ní Ìgbẹ́tì àti Òkè Asábàrí ní Ṣakí: wọ́n dára, wọ́n jìnnà.

Èyí tó kù tó bá ọjọ́ kan mu ni Adó-Àwáyé, ìlú tó wà lẹ́bàá Ìṣẹ́yìn, tí òkè rẹ̀ ní gbogbo ohun mẹ́rin tí mo kà sókè yẹn. Ibẹ̀ ni mo mú àbúrò mi àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ ní ìparí oṣù kọkànlá.

Oṣù yẹn kì í ṣe oṣù tí a kàn ṣèèṣì bọ́ sí. Láti oṣù kẹrin ni òjò ń bẹ̀rẹ̀ ní agbègbè wa, àpáta tó tutù sì ń yọ̀. Ewu tó ju yíyọ̀ lọ ni mànàmáná, nítorí pé lórí àpáta gbalasa, ènìyàn ni ohun tó ga jù lọ. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá wá wọlé gan-an, àpáta yóò gbẹ, ṣùgbọ́n ọyẹ́ yóò bo ojú ọ̀run, ẹni tó gun òkè dé orí kò ní rí ju eruku lọ. Nígbà tó bá di oṣù kejì sí ìkẹta, oòrùn ọ̀sán a máa mú kí àpáta gbóná débi pé ọwọ́ kò ní lè dúró lórí rẹ̀. Àárín òpin òjò àti ìbẹ̀rẹ̀ ọyẹ́ ni àkókò tó dára jù: àpáta ti gbẹ, omi ṣì wà lókè, ojú ọ̀run sì mọ́.

Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa la ti kúrò ní Ìyànà Ọ̀fà. Ìyá kan tó ń kó ẹ̀gẹ́ jọ sẹ́bàá títì bi wá pé níbo ni à ń lọ tàwa ti báàgì lẹ́yìn báyìí. Nígbà tí mo sọ fún un pé òkè ni, ó ní, "Ẹ ò lọ fún àdúrà?" Mo ní, "Rárá, mà, a kàn fẹ́ gùn ún ni." Ó wo àwọn ọmọ náà títí, ó wá ní, "Ọlọ́run á sọ̀ yín kalẹ̀ láyọ̀ o." A ṣe àmín. Àdúrà tó bá ìrìnàjò náà mu jù lọ ni, nítorí pé sísọ̀ kalẹ̀ ni ìdajì tí àwọn ènìyàn kì í rò tẹ́lẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń yan òkè.

A gba Ìwó Road lọ sí Òjóò, a sì dé Mọ́níyà tí í ṣe olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Akínyẹlé, níbi tí ibùdókọ̀ ojú irin tuntun láti Èkó ti ń gba èrò láti 2021. Ọdún yẹn náà ni ọ̀nà Mọ́níyà sí Ìṣẹ́yìn, tó gùn tó kìlómítà 65, di títì gidi. Ohun tó jẹ́ kí Adó-Àwáyé wọ inú àwọn òkè tí ará Lágelú lè gùn láàárín ọjọ́ kan nìyẹn. Nígbà tí ọ̀nà náà ṣì bàjẹ́, kò ṣeé dá lábàá. Ẹni tó bá ń yan òkè, kí ó wo títì kí ó tó wo àpáta: gbogbo wákàtí tí ọ̀nà bá jẹ ni ìmọ́lẹ̀ tí ẹ kò ní rí lò lókè.

Ọ̀nà yìí gba Ìjàyè kọjá. Mo ní kí dírẹ́bà rọra, mo sì sọ ìtàn ibẹ̀ fún àwọn ọmọ náà. Kúrunmí, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, ló sọ Ìjàyè di alágbára. Ní 1860 ni ogun bẹ́ láàárín òun àti Ìbàdàn. Kúrunmí kú ní 1861, nígbà tó sì di oṣù kẹta 1862, Ìjàyè tú pátápátá, àwọn ènìyàn rẹ̀ fọ́n ká lọ sí Abẹ́òkúta àti ibòmíràn. Ilẹ̀ títẹ́jú ni Ìjàyè wà. Odi àti àwọn ọmọ ogun ni ìlú náà gbẹ́kẹ̀ lé. Nígbà tí ebi dé tí àwọn ọmọ ogun sì kú tán, kò sí òkè tí ènìyàn lè sá gùn. Àbúrò mi wo gbogbo pápá náà láti ojú fèrèsé, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó wá yé mi ìdí tí wọ́n fi ń gbé orí àpáta." Àwọn tó wà lórí òkè sì pẹ́ níbẹ̀. Àwọn ará Òkèihò, tí wọ́n jẹ́ aládùúgbò Ìṣẹ́yìn, kò kúrò lórí òkè wọn títí di 1917, lẹ́yìn ìdìtẹ̀ Ìṣẹ́yìn àti Òkèihò ti 1916, nígbà tí ìjọba amúnisìn ní kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀.

A rí òkè Adó kí a tó rí ìlú. Àpáta ńlá eléérú ló yọ sókè láàárín ilẹ̀ oko, ó gùn, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì dàgẹ̀rẹ̀. Irú àpáta báyìí ti wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún mílíọ̀nù ọdún kí òjò àti oòrùn tó fọ ilẹ̀ rírọ̀ tó bò ó kúrò. Nígbà tí ẹrù ilẹ̀ kúrò lórí rẹ̀, àpáta náà bẹ̀rẹ̀ sí í là ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, ó ń bó bí ìgbà tí ènìyàn ń bó àlùbọ́sà. Bíbó yìí ló ṣe àwọn pẹpẹ tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ àti àwọn etí tí ọwọ́ ń dì mú. Òun náà ló ń ṣe ewu, nítorí pé pẹlẹbẹ tó ti là tán lè jọ èyí tó ṣì dúró ṣinṣin.

A kọ́kọ́ kí àwọn àgbà tó wà nídìí òkè, a san owó, a sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún wa lẹ́ni tí yóò fọ̀nà hàn wá. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni wọ́n pè. Kí a tó gbéra, mo bi í léèrè ohun mẹ́ta: ibo ni omi wà, ibo la lè gbà sọ̀ bí òjò bá ṣú, aago mélòó ló yẹ kí a ti kúrò lórí òkè. Ó dáhùn gbogbo rẹ̀ láìro ó lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tí kò bá lè dáhùn ìbéèrè mẹ́ta yìí, bó ti wù kó lágbára tó, kì í ṣe afinimọ̀nà.

Àtẹ̀gùn símẹ́ǹtì tó ju 300 lọ ló bẹ̀rẹ̀ òkè náà. Ó gba agbára, kò gba ọgbọ́n. Ibi tí àtẹ̀gùn parí sí ni àpáta gbalasa ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ sì ni a ti rí ohun tí a wá. Ọ̀nà pín níbẹ̀: ẹsẹ̀ àwọn àlejò ti tẹ ọ̀kan tó yí gba ẹ̀gbẹ́, èkejì sì gba ojú àpáta lọ tààrà. Afinimọ̀nà wa wo bàtà wa, ó yẹ àtẹ́lẹ̀ wọn wò, ó sì ní kí a gba tààrà, nítorí pé bàtà rọ́bà ni gbogbo wa wọ̀, a sì tún lè gbà á padà sọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má tẹ dúdú yẹn," ó ń pè mí. "Funfun ni kí ẹ máa tẹ̀."

Lójú ẹni tí kò mọ̀, àmì lásán ni àwọn ìlà dúdú tó sọ̀ kalẹ̀ lára àpáta. Ipa omi òjò ni wọ́n. Ohun kéékèèké tó ń hù níbi tí omi ń gbà ló sọ wọ́n di dúdú, bí ìrì bá sẹ̀ sí wọn, wọn a máa yọ̀. Ibi tó funfun tàbí tó pupa rẹ́súrẹ́sú, tó sì há lọ́wọ́, ló ń di bàtà mú. Ó tún kọ́ wa pé kí a máa fi ìkúùkù kan pẹlẹbẹ kí a tó dì í mú: èyí tó bá dún gbọ̀ngbọ̀n ti là nínú, ẹ fi sílẹ̀, èyí tí kò dún ló dúró. Kí ara má sùn mọ́ àpáta, kí ìwúwo wà lórí ẹsẹ̀, kí ohun mẹ́ta nínú ọwọ́ méjì àti ẹsẹ̀ méjì máa wà lórí àpáta nígbà gbogbo, kí ọ̀kan ṣoṣo máa wá ibòmíràn. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Lórí àpáta, òótọ́ ọ̀rọ̀ yìí kì í pẹ́ hàn.

Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, àwọn ọmọ náà dákẹ́ ariwo. Kì í ṣe ẹ̀rù. Ọkàn wọn ti wọ inú iṣẹ́ náà: ojú ń wá ibi tí ọwọ́ yóò dì mú, ọwọ́ ń yẹ ẹ́ wò, ẹsẹ̀ ń tẹ̀ lé e. Ìdùnnú tí mo fẹ́ kí gbogbo ọ̀dọ́ Ìyànà Ọ̀fà mọ̀ nìyí, nítorí pé kò sí owó tó lè rà á. Ènìyàn á rí i pé ara òun mọ ohun tí òun kò kọ́ ọ.

Lókè, òkúta Ìṣagè dúró lórí òkúta mìíràn, ó gorí rẹ̀ débi pé ojú ń rò pé yóò yí. Àwọn ará ìlú ní bí ọ̀dá bá dá, aṣọ funfun ni wọ́n ń fi bò ó kí òjò lè rọ̀. A kò gùn ún. Ẹni tó mọ òkè yàn mọ èyí tó yẹ kí òun fi sílẹ̀, ohun tí ìlú ń bọ̀wọ̀ fún kì í ṣe ibi tí àlejò ń fi dán agbára rẹ̀ wò. A rí Ẹsẹ̀ Àwọn Àgbà, àwọn kòtò tó wà lórí àpáta tí wọ́n jọ ipa ẹsẹ̀ ńlá. Omi òjò tó ń dúró sójú kan ló máa ń jẹ irú kòtò bẹ́ẹ̀ sára àpáta. A dé Ẹsẹ̀ Kan Ayé, ibi tóóró tó wà létí ọ̀gbun. Afinimọ̀nà sọ fún wa pé ọ̀pọ̀ ń padà níbẹ̀. Méjì nínú àwọn ọmọ náà fẹ́ kọjá. Mo bi wọ́n pé ṣé wọ́n lè gbà á padà bí ẹsẹ̀ bá ti rẹ̀ wọ́n. Wọ́n wo ibẹ̀ dáadáa, wọ́n wo ara wọn, wọ́n ní rárá. Mo yìn wọ́n. Fún ìṣẹ́jú tí wọ́n fi wo ibẹ̀, wọ́n ti di agunkè.

Ìyákè wà lórí gbogbo rẹ̀, adágún omi tó dúró nínú kòtò àpáta lórí òkè, tí koríko yí ká. Wọ́n máa ń sọ pé irú rẹ̀ méjì péré ló wà láyé, àti pé èkejì wà ní Colorado ní Amẹ́ríkà. Ìlú gbà pé omi náà kò ní ìsàlẹ̀, wọ́n sì ń bọ̀wọ̀ fún un gidigidi; àwọn obìnrin tó ń wá ọmọ a máa tọ̀ ọ́ wá. Mo jókòó síbẹ̀, mo sì rí i kedere pé omi yìí gan-an ni ohun tó lè mú kí ìlú kan gbé orí àpáta. Ilẹ̀ ìsàlẹ̀ lọ títí, oko, ọ̀nà, orí ilé páánù, àwọn òkè mìíràn lápá Òkè-Ògùn. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ẹni tó bá dúró síbí yìí yóò ti rí eruku ẹsẹ̀ ọmọ ogun kí wọ́n tó dé ìdí òkè.

A kò pẹ́ púpọ̀ lókè. Kí oòrùn tó kan àtàrí la ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀. Níbi tó dàgẹ̀rẹ̀ jù, a kọjú sí àpáta, a ń fi ẹsẹ̀ wá pẹpẹ nísàlẹ̀. Níbi tí kò dàgẹ̀rẹ̀ púpọ̀, a jókòó, a ń fi ọwọ́ méjèèjì ti ara. Ẹni tó ń gùn ń rí ibi tó ń lọ, ẹni tó ń sọ̀ kì í rí i dáadáa, ó sì ti rẹ̀ ẹ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé ọ̀nà rere ni ọ̀nà tí ènìyàn lè sọ̀ pẹ̀lú ìgboyà tó fi gùn ún. Bí ẹ bá rí ibi kan tí ẹ gùn tí ọkàn yín sì sọ pé ẹ kò ní lè gbà á padà, ẹ dúró níbẹ̀, ẹ padà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ní Ìṣẹ́yìn, lójú ọ̀nà ilé, a jẹ àmàlà, a sì wo àwọn ahunṣọ tó ń hun aṣọ òkè. Ilẹ̀ ṣú díẹ̀ kí a tó wọ Ìyànà Ọ̀fà.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ìjọba àti àwọn ìlú olókè gbọ́. Àtẹ̀gùn dára, kí arúgbó àti aboyún náà lè dé òkè. Ṣùgbọ́n kí a má fi símẹ́ǹtì bo gbogbo ọ̀nà. Kí a fi díẹ̀ sílẹ̀ bí àwọn baba wa ṣe rí i, kí a fi àmì kékeré sí i, kí a sì kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ìlú láti máa mú àlejò gbà á. Iṣẹ́ gidi ni, owó wà nínú rẹ̀, yóò sì mú kí ìtàn àwọn òkè náà wà lẹ́nu àwọn tó ni ín.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Lágelú, ní Ẹgbẹ́dá, ní Ọ̀nà-Àrà àti ní Akínyẹlé, ẹ má wo ilẹ̀ títẹ́jú tó yí yín ká kí ẹ rò pé òkè kì í ṣe tiyín. Òkè ló gba ẹni tó tẹ Ìbàdàn dó là. Nígbà tí òjò bá dá, ẹ yan ọ̀kan tó ti gba ìlú kan là, tí títì dé ìdí rẹ̀, tí ọmọ ìlú mọ̀ dáadáa, tí ẹ sì lè sọ̀ kí oòrùn tó wọ̀. Ẹ mú omi tó pọ̀, ẹ wọ bàtà rọ́bà, ẹ jẹ́ kí ọwọ́ yín kan àpáta. Ẹ óò mọ ohun tí kò sí nínú ìwé ìtàn kankan nípa àwọn tó ṣíwájú wa: bí ọ̀nà tí wọ́n gbà là ṣe rí lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́.